Gílóòbù tó ń tẹ̀ lé oòrùn: ohun tí ojú mi rí nínú yàrá Bàámi

Owó tí mo ná sórí gílóòbù tó ń yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí oòrùn, funfun láàárọ̀, ìyeyè lálẹ́, ṣì ń dùn mí, pàápàá èyí tí mo kọ́kọ́ rà. Bàámi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yàrá wọn kọjú sí nílé wa n'Íbàdàn, oòrùn kì í débẹ̀. Wọ́n á sùn lọ́sàn-án, tó bá di òru wọ́n á máa rìn káàkiri ilé. Dókítà ní kí wọ́n máa rí ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ dáadáa láàárọ̀, kí iná rọlẹ̀ lálẹ́. Ohun kan wà nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, tó ń sọ fún ọpọlọ pé ojúmọ́ ti mọ́, ìmọ́lẹ̀ funfun tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń ta á jí jù. Tó bá rí irú rẹ̀ lálẹ́, melatonin tó ń múra oorun sílẹ̀ nínú ara á dínkù.

Oníṣọ́ọ̀bù kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú eléyìí, fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé oòrùn." Irọ́ ni! Gílóòbù aláwọ̀ mẹ́ta ni, èyí tí èèyàn ń pa tó tún ń tàn kó tó bọ́ sí àwọ̀ mìíràn. Tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, tí a yí i sí jẹnẹrétọ̀, ó ti yí àwọ̀ nìyẹn. Mo dá a padà, kò gbà á.

Mo wá ra oní-Wi-Fi, tó ń ti 2700K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ìyẹn ìyeyè bíi ti gílóòbù àtijọ́, dé 6500K tó funfun bí ọ̀sán. Síso rẹ̀ mọ́ fóònù kò le, tí router yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, bá ṣáà ti ní ìkànnì 2.4 GHz.

Òru ni wàhálà dé. NẸ́PÀ mú iná lọ, wọ́n mú un padà ní nǹkan bí aago méjì, gílóòbù tí mo ti fi sí ìyeyè tó rọlẹ̀ sì tàn funfun báláú. Bàámi dìde, wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ń bèèrè omi ìwẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè sùn mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ilé iṣẹ́ ló ń tàn nígbàkígbà tí iná bá dé. Ètò aago orí fóònù, tó ń sọ ìgbà tí gílóòbù máa yí àwọ̀, kò sì gbà wá, torí àkókò tó yẹ kí iná rọlẹ̀ ti kọjá.

Mo tú áàpù náà títí mo fi rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí gílóòbù máa ṣe tí iná bá padà dé. Mo ní kó rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tún jí Bàámi! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú iná lọ, nígbà tó ṣì funfun. Òru ni wọ́n mú un dé, funfun náà ló sì rántí. Kí ló dé tí wọn ò kọ eléyìí sára páálí, kí wọ́n sì máa tà á fún àwa tí iná wa kì í dúró?

Èyí tó gbà wá ni pé mo yan 2700K, ìmọ́lẹ̀ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, pé kó máa fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá dé. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Níhìn-ín, oòrùn kì í yẹ̀ jìnnà sí àkókò yẹn yíká ọdún, nítorí náà mi ò tún ètò náà ṣe mọ́. Tí iná bá dé lọ́sàn-án, a ń fi fóònù gbé e sókè. Mo so router mọ́ bátìrì kékeré. Ó ti wá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọwọ́ mi sì ni mo fi ṣe é, mi ò pe oníná kankan.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òní ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àga Bàámi ni mo máa kọ́kọ́ gbé sí bàràńdà láàárọ̀. Kódà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ ìta ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Inú yàrá kì í sábà ju 500 lọ. A ti ń ṣe é báyìí, wọ́n sì ń sùn lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ní kí wọ́n ṣí ibi ètò "tí iná bá padà dé" han òun lórí fóònù kó tó sanwó. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún wọn.