Bí a ṣe ń ṣe bísíkíìtì nílé nígbà ooru Àbújá

Fúláwà gíráàmù 300, bọ́tà 200 àti ṣúgà 100 ti tó. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lè ra bọ́tà onígíráàmù 250, kí ó gé e sí márùn-ún ọgbọọgba, kí ó sì lo mẹ́rin.

Bọ́tà yìí gan-an ni ó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru Àbújá ń kọjá 35°C, bọ́tà tí a gbé sórí tábìlì kì í pẹ́ yọ́, bísíkíìtì yóò sì tàn ká inú páànù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí bọ́tà sì ti inú fíríìjì bọ́ sínú fúláwà tààrà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi orí ìka rin ín mọ́ fúláwà àti ṣúgà, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná jù, títí yóò fi rí bíi gààrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù tí a kò tíì yan. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró, kí ẹ kàn fún un pọ̀ kí ó di odidi.

Aládùúgbò mi kan ní Kubwa kò dáwọ́ dúró. Ó bu omi sí i, ó sì ń pò ó bí ẹni tí yóò ṣe búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ omi àti pípò ni ó máa ń jí okun inú fúláwà. Búrẹ́dì nílò okun yẹn kí ó lè wú, ṣùgbọ́n líle ni ó ń sọ bísíkíìtì dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti rẹ tiwọn sínú tíì kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́. Bí kò bá fẹ́ dì pọ̀, ṣíbí omi tútù kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kún un.

Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ó wà nínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30. Bí kò bá sí iná, ẹ gbé e lé orí omi dídì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Ìgò tí mo rọ omi tútù sí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì sàn fún mi ju igi ìyífúláwà lọ. Ẹ jẹ́ kí ó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi ẹnu agolo tòmátò gé e, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì gún un.

Ìṣẹ́jú 12 sí 15 ni yóò lò nínú ófùnnù tó ti gbóná dé 180°C. Ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn gbígbẹ sí, tí a dé, tí a sì ti kọ́kọ́ gbé kaná fún ìṣẹ́jú 15, ṣe é lò dípò rẹ̀. Kí iná rẹ̀ má pọ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti pọ́n díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí àárín rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀, nítorí bí ó bá ṣe ń tutù ni yóò máa gan. Ẹ má ṣe dé e sínú agolo kí ó tó tutù pátápátá, torí ooru ara rẹ̀ yóò di omi sí abẹ́ ìdérí, yóò sì tún sọ ọ́ di rírọ̀.