Bí ẹ ṣe lè fi ìkòkò méjì, yanrìn àti omi ṣe fíríìjì tí kò lo iná

Ẹ gbé àmù omi sábẹ́ igi lọ́sàn-án ọyẹ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Oòrùn ń ta, ilẹ̀ gbóná, àmọ́ ara àmù tutù minimini. Èyí tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú àmù á ṣe tutù tó. Omi tó ń sun jáde lára àmù ló ń gbẹ, omi ò sì lè gbẹ láìgba ooru. Ara àmù fúnra rẹ̀ ló ti ń gba ooru ọ̀hún. Ooru tí lítà omi kan máa gbà kó tó gbẹ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tẹ́ ẹ máa fi se lítà omi kan láti orí òtútù yìnyín títí táá fi hó.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa tí ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò, ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun táwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tọ́jú irè oko sí, òun ló sì gba ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ aago Rolex lé e lórí lọ́dún 2000. Ìkòkò kékeré ló gbé sínú ńlá, ó wá fi yanrìn tútù dí àárín wọn. Ikàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú ẹ̀, tòmátì àti ata sì lo ọ̀sẹ̀ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jigawa nìyẹn o, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ gan-an. Ẹ má retí ọjọ́ 27 ní Ìkòròdú.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó náwó sí ìkòkò. Ẹ wá tẹmómítà onígíláàsì méjì tó jọra. Ẹ fi òwú tàbí àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ìdí ọ̀kan, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò tutù jù, tí kò sì gbóná. Ẹ so méjèèjì kọ́ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ìkòkò sí, lábẹ́ ibòòji, kẹ́ ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, títí èyí tó wọ aṣọ tútù ò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Iye tó bá dúró sí ni òpin òtútù tí ìkòkò yín lè dé. Kò ní kọjá ibẹ̀ láéláé, kódà ó sábà máa ń fi dígírì díẹ̀ ga jù ú lọ. Lọ́sàn-án tí ooru jẹ́ 35°C, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tẹmómítà aláṣọ máa sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 19°C. Tó bá jẹ́ 30°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 85, bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí létí òkun lákòókò òjò, 28°C ló máa dúró sí. Tí ìyàtọ̀ àárín tẹmómítà méjèèjì bá tó dígírì 10, ẹ ṣe é. Tó bá wà láàárín 5 sí 10, ó ṣì dáa fún omi mímu àti tòmátì. Tí ò bá tó 5, ẹ fi owó yín ra nǹkan míì. Àwọn ará Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin á jẹ ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún nínú àǹfààní rẹ̀. Ará Èkó àti Kùtọnu, àfi ìgbà tí ọyẹ́ bá dé dáadáa.

Ibi ìkòkò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á ra àmù ńlá tí ọrùn rẹ̀ tóóró, wọ́n á délé, ìkòkò inú ò ní gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ẹ mú okùn lọ́wọ́ lọ sọ́jà: ibi tí ikùn ìkòkò kékeré ti tóbi jù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 kéré sí ẹnu ìkòkò ńlá, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lè wà yí i ká. Ẹnu ìkòkò ńlá tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42 tó fún ilé kan.

Kí wọ́n má ta ìkòkò tí wọ́n ti kun lọ́dà tàbí tí wọ́n ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ìta. Àwọn amọ̀kòkò kan máa ń da omi èèpo èso igi irúgbá sára ìkòkò nígbà tó bá ṣì gbóná láti inú iná. Ó máa ń jẹ́ kó dán kó sì dúdú, ó sì dáa fún ọbẹ̀, àmọ́ ó ń dí ihò wínníwínní tí omi ń gbà jáde. Irú ẹ̀ lè jẹ́ ìkòkò inú. Ti ìta gbọ́dọ̀ jẹ́ amọ̀ sísun tí kò ní nǹkan lára. Ẹ fi oríkèé ìka kan án: tó bá dún gaan-gaan, ó jinná, tó bá dún pọ̀, ó ti sán níbì kan. Lẹ́yìn náà ẹ rọ omi sí i fún wákàtí méjì. Ó yẹ kí ara rẹ̀ ṣú, kó rin. Tó bá ń kán tó-tó-tó, kò jinná tàbí ó ti là; tó bá gbẹ fúlẹ́fúlẹ́, wọ́n ti dí i.

Yanrìn odò tó rí ṣákaṣàka ló dáa. Ẹ má lo ti òkun, torí iyọ̀ inú rẹ̀ á dí ara ìkòkò. Ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ẹ to òkúta mẹ́ta bí ààrò, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò ńlá lé e kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀. Ẹ da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ki, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò kékeré lé e. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ yọ ju ti ńlá lọ, kí omi má bàa dà wọnú oúnjẹ. Ẹ da yanrìn yí i ká díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi igi gún un, kẹ́ ẹ dúró nígbà tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 3 sí ẹnu. Ẹ wá máa fi ife bu omi yí yanrìn náà ká títí ojú rẹ̀ á fi máa dán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó lè gba lítà 6 sí 8, torí amọ̀ náà ń mu omi. Ẹ ṣẹ́ àpò ìdọ̀họ sí méjì, ẹ rẹ ẹ́, ẹ fi bo ẹnu rẹ̀. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó kó nǹkan sí i.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹ máa bomi sí i. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ọ̀sán kún un. Ẹ ki ìka bọ yanrìn dé oríkèé kejì: tí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ ti pẹ́ jù.

Tí kò bá tutù mọ́, ibi tí ẹ gbé e sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ò ní rí afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ìtòsí fèrèsé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ́. Tí nǹkan funfun bíi ìyẹ̀fun bá bò ó lára, iyọ̀ inú omi ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó nígbà tó bá gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi omi ṣàn án. Tí ẹ̀fọ́ bá ń hu olú nínú rẹ̀, omi ló ń wọ inú: ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi asẹ́ tàbí igi pẹlẹbẹ tẹ́ ìsàlẹ̀.

Ẹran, ẹja àti oúnjẹ sísè ò sí nínú ohun tó lè tọ́jú, torí òtútù rẹ̀ ò tó láti dá kòkòrò àìlèfojúrí dúró. Àlùbọ́sà àti iṣu náà ò fẹ́ ọ̀rinrin, ńṣe ni wọ́n máa rà. Ẹ má sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́: ó máa ń tú gáàsì kan jáde tó ń mú kí ewé tètè pọ́n.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ẹ da yanrìn jáde, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó kó o sápò, kẹ́ ẹ da ojú ìkòkò méjèèjì délẹ̀ sábẹ́ òrùlé títí ọyẹ́ á tún fi dé.