Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò bá yín wò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun kó sí yín lójú, owó yẹn pọ̀ ju nǹkan téèyàn ń fi ìwàǹwára ná lọ.

Owó lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ báǹkì ló máa yá yín, ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó máa wo ilé kiri, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n lè yá yín, àmọ́ ẹ má ra ilé tó máa gbé gbogbo ẹ̀ tán o, torí owó lọ́yà ń bẹ níwájú, owó ẹni tó máa yẹ ilé wò ń bẹ, àtúnṣe tó máa yọjú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó wọlé náà ń bẹ.

Ilé tó bá wù yín, ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án, ẹ tún lọ lálẹ́, tó bá ṣeé ṣe ẹ lọ nígbà tójò ń rọ̀, torí omi ni olórí ọ̀tá ilé. Ẹ wo sílìn bóyá àbàwọ́n omi wà níbẹ̀, ẹ gbóòórùn inú yàrá, tó bá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ láì gbẹ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ilé kan wà témi náà fẹ́ rà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n kùn nínú ẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ìgbà tí inspẹ́kítọ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn yẹ ilé wò, gun òkè àjà ló pè mí wá wò ó, igi òrùlé tó wà lókè yàrá yẹn gan-an ti jẹrà, ìka ń wọnú ẹ̀. Mi ò rà á mọ́. Látìgbà náà, ibi tí wọ́n bá dá kùn ni mo kọ́kọ́ ń lọ.

Inspẹ́kítọ̀ yẹn, ẹ fúnra yín lẹ máa wá a, ẹ má jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì tó ń ta ilé bá yín wá a. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni ẹ́jẹ́ǹtì o, àmọ́ ìgbà tílé bá tà lowó tiẹ̀ ń wọlé. Ẹ bi í ṣé ó máa gun òrùlé, ṣé ó máa wọ abẹ́ ilé, ẹ ní kó fi ìwé àyẹ̀wò tó ti kọ rí hàn yín. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tí àyẹ̀wò bá gbé nǹkan ńlá jáde, ẹ lè gba owó tẹ́ ẹ bá ti san sílẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ tó bá wá, ẹ tẹ̀ lé e káàkiri, ẹ máa bi í léèrè. Ògiri tó sán tín-ín-rín bí irun ò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ èyí tó là gba àárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tó fẹ̀, tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò sì pa dé dáadáa mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń rì, ẹnjiníà ló yẹ kó wò ó. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wo abẹ́ síńkì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá gbóná tàbí tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ikán náà máa ń fi amọ̀ mọ ọ̀nà tóóró sára ògiri, tẹ́ ẹ bá kan férémù tó dún bí nǹkan òfìfo, ẹ fura. Ṣùgbọ́n inspẹ́kítọ̀ kì í fọ́ ògiri o, ohun tójú rí ló ń wò, torí náà páìpù ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa fi kámẹ́rà wò ó.

Ìwé tó máa kọ máa gùn, ẹ má jáyà, kò sílé tí ò lábùkù. Ẹ yọ èyí tó lè wó tàbí tó lè gbiná sọ́tọ̀, ẹ bi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ iye tó máa ná yín, kẹ́ ẹ ní kí onílé yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kó tún un ṣe fúnra ẹ̀ lọ, torí ẹni tó ń kó lọ kì í fẹ́ náwó gidi sí i.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ṣí omi, ẹ tan iná, ẹ rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn máa fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́.