Ẹ yan IMAP, ẹ má yan POP

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ilé gba íméèlì, bí ẹ bá ti fi Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń ka íméèlì, sórí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, nínú ọ̀nà méjì tí ó fi ń gba lẹ́tà, IMAP ni kí ẹ yàn. POP máa ń kó lẹ́tà wá sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó sì lè pa wọ́n rẹ́ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ íméèlì tí wọ́n ń tọ́jú lẹ́tà sí. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà mi kú, lẹ́tà ọdún mẹ́ta bá a lọ, títí kan fọ́tò ìsìnkú ìyá wa tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́. Ó ṣì ń dùn mí. IMAP ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí sáfà. Ohun tí ẹ kà lórí fóònù náà lẹ máa bá lórí kọ̀ǹpútà.

Fún Gmail, orúkọ sáfà àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ (port) tí ẹ máa kọ nìyí: imap.gmail.com àti 993 ni ti lẹ́tà tó ń wọlé, smtp.gmail.com àti 465 ni ti èyí tó ń jáde. Lórí bọ́tìnnì Faransé tiwa, ẹ di AltGr mú kí ẹ tó tẹ 0, @ á jáde. Bó bá jẹ́ Shift lẹ dì mú, 0 lásán lẹ máa rí.

Ẹ ṣọ́ mẹ́gà yín o! Thunderbird á fẹ́ kó gbogbo lẹ́tà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wọ ìṣètò àkáǹtì yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Synchronisation sí, kí ẹ yọ àmì ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kan sí ara yín, kí ẹ wò ó bóyá ó dé.