Bí A Ṣe Ń Gbé Ìbéèrè Kalẹ̀ fún Ìdíje Ìmọ̀ Gbogboogbò

Ẹni tí yóò bá gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ìdíje ìmọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Bí a bá béèrè pé, “Ta ni ó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà?”, ẹgbẹ́ kan yóò pe Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òmíràn yóò pe Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (ní ìlú yìí, ariwo ta ni yóò pọ̀ jù kò fara sin), àwọn méjèèjì ni yóò sì gbà á. Ẹ béèrè pé, “Ta ni ó gba ipò náà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1959?”, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, ẹ sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní etí òkun, ṣùgbọ́n lórí òkè gíga, ooru rẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó hó, nítorí pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ ti dínkù. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ pẹ̀lú: títí di ọdún 2006, Pluto wà lára pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni a ń kà báyìí.

Ti eré ìdárayá kò le. Góòlù tí Nàìjíríà gbà nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996 dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò mọ ìdáhùn. Èyí tí ó bá ní kí ẹ tún kà ni kí ẹ tún kọ.