Bí a ṣe ń gbin ata rodo láti orí kóró

Ata tó pọ́n dáadáa ni kí ẹ ti mú kóró. Èyí tó ṣì tutù kò tíì gbó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í hù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó là á. Awọ funfun tí kóró lẹ̀ mọ́ ni oró ata pọ̀ sí jù, kì í ṣe kóró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán ṣe é, kó fi òróró ra ọwọ́ kó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí omi nìkan kò ran oró ata. Ẹ sá kóró náà sábẹ́ òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n 2, iyanrìn 1 àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà 1 pọ̀. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ lu ihò sídìí ike, kí ẹ gbin kóró jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á tán kó tó yọrí. Níbi tó móoru tó 25 sí 30°C, ó sábà máa ń hù láàárín ọjọ́ 10 sí 21, àmọ́ bí ibẹ̀ bá tutù, ó lè ju oṣù kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u wò.

Àpọ̀jù omi ló ń pa ọmọ ata jù. Bí aṣọ tí a ti fún omi rẹ̀ ni kí ilẹ̀ rí. Bí ẹ bá rí èyí tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín níbi tó ti kan ilẹ̀, tó wá dùbúlẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba àárín àwọn tó kù.

Tó bá ti yọ ewé 4 sí 6 (ẹ má ka méjì àkọ́kọ́ mọ́ ọn), ẹ máa gbé e sóòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó lọ́ ọ (kí ẹ gbé e kúrò nínú ike lọ gbìn sílẹ̀) nírọ̀lẹ́. Ẹ fi bí 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín igi kan sí èkejì. Ibi tí tòmátì, ikàn tàbí ata ti kúrò láìpẹ́ kò dáa, àrùn kan náà ló ń bá wọn jà.

Ata tó ń ta ewé láìtanná ti jẹ nitrogen (èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú ewé dàgbà) jù. Èyí tó ń gbọn òdòdó dànù, ooru tó ju 35°C tàbí òǹgbẹ ló fà á. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò fún eṣinṣin funfun, torí òun ló ń gbé àrùn tó ń ká ewé kò kiri. Igi tí àrùn náà bá ti mú kò gbóògùn, fífà tu ló kù.

Bí oṣù 3 sí 4 lẹ́yìn tí ẹ lọ́ ọ, yóò pọ́n. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé e, fífà máa ń ya ẹ̀ka.