Ẹ Má Tíì Da Semo Nù: Ọ̀rọ̀ Àyẹ̀wò Coeliac fún Ọmọ Èkìtì ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá fura sí coeliac, àìsàn ìfun tí oúnjẹ àlìkámà bíi semo àti búrẹ́dì ń fà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì gbọdọ̀ dá yín padà torí pé ẹ ò tíì ní ìwé àdírẹ́sì. Ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe yín. Bí èdè bá ṣòro, ẹ béèrè ògbufọ̀. Ìyẹn ò le.

Ibi tó le nìyí. Ìyàwó àbúrò mi ń rù, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Gbogbo wa nílé ní Ìkẹ́rẹ́ la pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Màmá wa tiẹ̀ fi àgbo rán ẹnì kan tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó ni wọ́n yẹ ẹ́ wò dáadáa: coeliac ni. Gluten, èròjà puroteéènì kan tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, ló ń fà á. Bó bá ti wọlé, ara á dìde sí ìfun kékeré fúnra rẹ̀, oúnjẹ ò sì ní ṣe ara lóore mọ́. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ẹnì kan bá ní in, nínú òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lè ní in. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ìjọba níbẹ̀ fi sọ pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò lọ irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀, bí ohunkóhun ò tilẹ̀ dùn wọ́n.

Màmá gbọ́ lórí fóònù, wọ́n figbe ta: “Ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù! Kí lẹ fẹ́ fi búrẹ́dì ṣe? Ṣé iṣu ti tán láyé ni?” Ni wọ́n bá kó semo, Indomie, búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì sínú àpò ìdọ̀tí, bàbá, ìyá àtọmọ. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì ló kù nílé. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n tó gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọpẹ́ yẹn yá jù. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wá ni àwọn èròjà tí ara máa ń pèsè nígbà tí gluten bá ń wọlé. Bí kò bá sí gluten, wọ́n á dínkù, ìwé á sì sọ pé ara yín dá ṣáṣá. Ọmọbìnrin àgbà ilé náà kò ga, ó rọ̀ bí ewé. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ni wọ́n sọ fún wọn pé kó padà sídìí àlìkámà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, kí wọ́n tó tún fa ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ń jẹ búrẹ́dì, ó ń sunkún, inú rẹ̀ ń wú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun jẹ irú ìyà yẹn?

Torí náà mo bẹ̀ yín, mo tún ń bá yín wí: ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹni tí coeliac ti dájú lára rẹ̀ nìkan ni kó jáwọ́. Àwọn yòókù, ẹ jẹ àlìkámà yín títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ tán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣì máa jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun bọ inú ìfun láti bu díẹ̀ wò. Wọ́n lè fo kámẹ́rà yẹn fún àwọn ọmọdé kan, àti àgbà tí kò tíì pé ọdún 55 tí iye èròjà tí àyẹ̀wò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga gan-an, àmọ́ onímọ̀ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe Màmá.

Àwa ọmọ Èkìtì, ẹ ṣọ́ra gan-an. Ẹni tó ń fi iyán ṣe oúnjẹ ọ̀sán àti tàlẹ́ lè má jẹ àlìkámà tó fún àyẹ̀wò. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ má dáhùn pé “gbogbo nǹkan”. Ẹ kà á sílẹ̀ fún un. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n wọn IgA yín lápapọ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀, torí bó bá kéré, àyẹ̀wò yẹn lè ṣini lọ́nà.

Àwọn tó ń fi irun orí ṣe “àyẹ̀wò oúnjẹ” ńkọ́? Ẹ fi owó yín sápò. Wọ́n kọ ìwé fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò mi, iṣu wà nínú ohun tí wọ́n ní kó má jẹ. Iṣu! Irun ò lè sọ ẹni tó ní coeliac.

Bí òbí bá wá kí yín ní England pẹ̀lú físà àlejò, ọ̀fẹ́ ni GP, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní ọsibítù lówó lórí fún àlejò: ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọsibítù ń gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Fún ẹni tó bá ti ní in: iyán gidi, àmàlà iṣu, ẹ̀bà, mọ́ínmọ́ín, kò léwu. Báálì ni mọ́ọ̀tì. Mágì àti iyán oníyẹ̀fun inú páálí, ẹ ka ẹ̀yìn wọn. Òfin ní kí wọ́n fi lẹ́tà tó hàn kedere kọ àlìkámà síbẹ̀. Ní àwọn àdúgbò kan, dókítà lè kọ búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun tí kò ní gluten fún yín, ẹ béèrè bóyá tiyín wà lára wọn.